Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìtàn Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Kọ́ Láti Gbọ́ Igbe Tiransifọ́mà

Kò sí àdúgbò kan ní ìlú ńlá tí kò ní i. Àpótí irin aláwọ̀ eérú ni, tó jókòó lórí pèpéle sìmẹ́ńtì tàbí tó gun orí òpó bí ẹyẹ. Wọ́n á fi irin yí i ká, wọ́n á ya agbárí òkú mọ́ ọn, wọ́n á kọ "Ewu" sí i. Tọ̀sán-tòru ló ń kùn bí oyin. Ọmọdé mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, àgbà sì mọ̀ pé ọjọ́ tó bá dákẹ́, òkùnkùn dé nìyẹn. Tiransifọ́mà là ń wí o.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbà gbọ́ ni pé ikú òjijì ni tiransifọ́mà máa ń kú. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á máa wí pé, "Ó kàn ṣàdédé bú gbàù ni!" Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé àrá lè sán lù ú, a sì mọ̀ pé mọ́tò lè forí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ kúrò, àìsàn ló máa ń ṣe tiransifọ́mà kó tó kú. Àìsàn náà sì lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan, kódà ó lè pẹ́ tó ọdún, kí iná tó sọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, yóò máa ránṣẹ́, yóò máa ké.

Àwọn àgbà ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí ni ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti gbọ́ igbe náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣìṣẹ́ tó ń fi imú gbóòórùn epo títí dé orí kọ̀ǹpútà tí kì í sùn. Ẹ ó sì rí i níkẹyìn pé ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́, ọ̀tọ̀ ni ká dìde.

BÍ WỌ́N ṢE BÍ I

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ọdún 1831, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú London, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Michael Faraday. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé lọ títí, iṣẹ́ ìwé dídì ló kọ́ kó tó rí ọ̀nà wọ ilé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Faraday mú òrùka irin kan, ó wé wáyà bàbà mọ́ apá kan rẹ̀, ó wé òmíràn mọ́ apá kejì, kò sì jẹ́ kí wáyà méjèèjì fara kanra. Bó ṣe fi bátìrì kan wáyà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ tó so mọ́ ìkejì gbọ̀n. Bó ṣe yọ bátìrì kúrò, abẹ́rẹ́ tún gbọ̀n. Agbára ti fò láti inú wáyà kan bọ́ sínú ìkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni so wọ́n pọ̀. Gbogbo tiransifọ́mà tó wà láyé lónìí, ọmọ òrùka Faraday ni wọ́n.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí iṣẹ́ gidi fi í ṣe. Lucien Gaulard, ọmọ Faransé, àti John Dixon Gibbs, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé tiwọn jáde ní London ní 1883, wọ́n sì tún pàtẹ rẹ̀ ní Turin, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1884. Tiwọn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ní 1885, àwọn ẹnjiníà mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ Ganz ní Budapest, ilẹ̀ Hungary, tún un ṣe dáadáa. Orúkọ wọn ni Károly Zipernowsky, Ottó Bláthy àti Miksa Déri. Àwọn náà ló sọ ẹ̀rọ yìí ní orúkọ tí à ń pè é títí dòní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, 1886, William Stanley fi tirẹ̀ tan iná sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ojú títì ní Great Barrington, ìlú kékeré kan ní Massachusetts, Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, torí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ wo gan-an ni tiransifọ́mà ń ṣe? Iṣẹ́ alágbàtà ni. Ẹ wo ìyá tó lọ ra gaàrí lóko. Àpò ńlá ńlá ni yóò dì í sí kó tó kó o sínú mọ́tò, torí bó bá ní kóńgò kọ̀ọ̀kan lòun ó máa gbé wá sí ìlú, owó mọ́tò á jẹ èrè, á sì jẹ ojú owó. Ó dìgbà tó bá dé ọjà kó tó tú àpò, kó máa fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná. Bí fólítì rẹ̀ bá kéré, ojú ọ̀nà ni yóò ṣòfò sí, yóò kàn máa mú wáyà gbóná lásán. Tiransifọ́mà ló ń dì í ní àpò kó lè rìn jìnnà, tiransifọ́mà náà ló sì ń tú u sí kóńgò nígbà tó bá dé ilé yín.

Nígbà tí ìdídò omi Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968, 330,000 fólítì ni wọ́n fi ń rán iná láti ibẹ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí iná bá ti ibẹ̀ gbéra, wọ́n á sọ ọ́ di 132,000, lẹ́yìn náà 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kó tó wá di 415 ní àdúgbò. Bí ẹ bá kà á dáadáa, pẹ̀lú èyí tó kọ́kọ́ gbé e sókè ní Kainji, iná tó tan gílóòbù yàrá yín ti gba ọwọ́ alágbàtà márùn-ún. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ṣubú, àbẹ́là yá.

EPO, BÉBÀ ÀTI OORU

Bí ẹ bá ṣí ikùn tiransifọ́mà ńlá wò (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o!), irin tí wọ́n tò léra lẹ ó rí, pẹ̀lú wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ ọn, bébà tí wọ́n fi di wáyà náà kí wọ́n má baà fara kanra, àti epo tí gbogbo rẹ̀ rì sínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1890 ni lílo epo yìí ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń gbé ooru kúrò lára wáyà, kì í sì í jẹ́ kí iná fò láti ibì kan sí ibòmíràn.

Nínú gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí, bébà lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Epo tó bá bàjẹ́, a lè sẹ́ ẹ, a lè dà á nù ká rọ òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n bébà tó bá ti gbó, tó ti ń rún bí ewé gbígbẹ, kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láìtú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń sọ pé bí ọjọ́ orí bébà bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ti tiransifọ́mà. Ọ̀tá méjì tó sì ń lé bébà kiri ni ooru àti omi. Ìkán omi díẹ̀ tó ráyè wọ inú epo tó láti bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ àṣírí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ibì kan nínú tiransifọ́mà bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí iná ń ta pàrà díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò yẹ, epo tó wà níbẹ̀ á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sì máa di gáàsì. Gáàsì yìí ni igbe tiransifọ́mà. Kò sí èéfín láìsí iná. Gbogbo ọgbọ́n tí ọmọ aráyé ti dá láti ọdún 1921 títí di ìsinsìnyí, orí bí a ṣe lè tètè rí gáàsì yìí, ká sì mọ ohun tó ń sọ, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lé.

ONÍBODÈ Ọ̀GBẸ́NI BUCHHOLZ

Àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ò ní irinṣẹ́ ju ara wọn lọ. Wọ́n á tẹ́tí sí ìkùn rẹ̀ bóyá ohùn ti yí padà. Wọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí bóyá ó ń gbóná jù. Wọ́n á gbóòórùn epo, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀: tuntun a máa mọ́ gaara, èyí tó ti jìyà á dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì dà nù. Ọgbọ́n àgbà ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí imú bá fi máa gbọ́ òórùn jíjó, ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sórí.

Ní 1921, ọmọ Jámánì kan, Max Buchholz, ronú kan ohun kan. Lókè tiransifọ́mà ńlá, àgbá kékeré kan wà tó ń gba epo nígbà tí ooru bá mú epo wú, páìpù kan ló sì so àgbá yìí mọ́ àpótí ńlá nísàlẹ̀. Gáàsì tó bá ń ru sókè nínú epo, dandan ni kó gba inú páìpù yẹn kọjá. Ojú páìpù náà gan-an ni Buchholz gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré sí, bí ìgbà tí wọ́n fi oníbodè sí ẹnu ìlú. Gáàsì á kó sí abẹ́ ìdérí rẹ̀. Bó ṣe ń pọ̀ sí i, epo inú rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ohun kan tó léfòó lórí epo á bá a lọ sílẹ̀, á sì tẹ aago ìdágìrì. Bí ìjàǹbá bá wá le, tí epo ya lójijì bí àgbàrá, apá kejì ẹ̀rọ náà á já iná kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ò rí ọgbọ́n! Kò lo kọ̀ǹpútà, kò lo bátìrì ọlọ́lá kankan. Ohun tó léfòó àti òfin pé gáàsì á máa lọ sókè, ó parí. Àwọn òṣìṣẹ́ tún kọ́ láti wo àwọ̀ gáàsì tí oníbodè yìí bá mú. Bó bá funfun, bébà ló ń jó. Bó bá pọ́n bíi yẹ́lò, igi ni. Bó bá dúdú bí eérú, epo ni. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ ẹ̀rọ Buchholz ṣì wà lórí ẹgbàágbèje tiransifọ́mà ńlá káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n gbogbo oníbodè ló ní ibi tí ojú rẹ̀ ò tó. Gáàsì tó bá kéré kì í ru sókè rárá, inú epo ló ń yọ́ sí. Ẹ mú ìgò mínírà tí wọn ò tíì ṣí: ó mọ́, ó dákẹ́, ẹ ò lè rí gáàsì kankan níbẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí bó ṣe máa hó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni epo tiransifọ́mà tó ń ṣàìsàn. Àìsàn náà ti wọlé, ṣùgbọ́n oníbodè ò tíì rí àlejò.

ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀

Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n rí ọ̀nà sí èyí. Wọ́n á fa epo díẹ̀ láti ara tiransifọ́mà, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n á fa gáàsì inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wá kéré púpọ̀: bí a bá pín epo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, wọ́n lè rí gáàsì tí kò ju ọ̀nà kan tàbí méjì lọ nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń sọ. Bí haidirójìn bá pọ̀, tí àwọn yòókù ò sì tó nǹkan, iná kékeré kékeré ló ń ta pàrà nínú ibẹ̀. Bí ẹ̀tílìnì bá gbilẹ̀, ibì kan ń gbóná gan-an, bóyá ibi tí wọn ò ti de wáyà dáadáa. Bí gáàsì kábọ́ọ̀nù bá ń lé sókè, bébà ló ń jó. Asẹ́tílìnì wá ni ọba wọn. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà ń fi jó irin, èyí tí wọ́n ń rí lára kábáàdì tí wọ́n bu omi sí. Bí wọ́n bá rí asẹ́tílìnì nínú epo tiransifọ́mà, kódà kó kéré, ọkàn ẹnjiníà kì í balẹ̀ mọ́, torí iná tó ń fò gidi, tí ooru rẹ̀ le kọjá sísọ, ló ń bí i.

Ṣùgbọ́n gáàsì wọ̀nyí kì í dá wá, àpapọ̀ ni wọ́n máa ń wá, bí ìgbà tí gbogbo ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Ní Switzerland, E. Dörnenburg ti ilé-iṣẹ́ Brown Boveri ní ká máa fi gáàsì kan wọn èkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R. R. Rogers, tó ń bá àjọ tó ń pèsè iná fún England àti Wales ṣiṣẹ́, tún ọ̀nà náà ṣe. Ní Kánádà, Michel Duval ti Hydro-Québec yan ọ̀nà tirẹ̀ ní 1974. Gáàsì mẹ́ta péré ló mú, ó ya onígun mẹ́ta kan sórí bébà, ó pín inú rẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ bí àwòrán ilẹ̀, ó ní ibi tí àmì bá bọ́ sí, àìsàn ibẹ̀ ló ń ṣe é. Ọmọ ilé-ìwé gíga lè fi rúlà àti pẹ́ńsù ṣe é. Nígbà tó di 1978, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin ẹ̀rọ iná, IEC, tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀, kí gbogbo ayé lè máa ka gáàsì ní ọ̀nà kan náà.

Ǹjẹ́ ó tán síbẹ̀? Ó tì o. Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í sábà fẹnu kò. Epo kan náà, Rogers á ní ibí ni, Duval á ní ọ̀hún ni, òmíràn á ní òun ò mọ̀. Èkejì, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń fa epo púpọ̀ nínú àwọn tiransifọ́mà yìí wò. Àìsàn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí nọ́ọ̀sì lọ, ta ni yóò rí i?

ẸNI TÍ KÌ Í SÙN

Kí wọ́n lè borí ìṣòro kejì, wọ́n gbé ilé àyẹ̀wò wá sídìí tiransifọ́mà. Ní 1977, Duval àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, G. Bélanger, kọ̀wé lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí a lè so mọ́ ara tiransifọ́mà kó máa ṣọ́ haidirójìn inú epo tọ̀sán-tòru. Irú ẹ̀rọ afura bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oríṣiríṣi dé. Òmíràn ń fi okùn onígíláàsì tín-ín-rín wọn ooru láàárín wáyà gan-an. Òmíràn lẹ̀ mọ́ ara àpótí, ó ń tẹ́tí sí ìró iná tó ń ta pàrà, ìró tó ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Òmíràn dà bí eriali rédíò, ó ń gba ìgbì tí iná náà ń rán jáde. Ìyàwó ilé tó dúró ti ìkòkò ẹ̀wà kò ṣọ́ ọ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ náà tún bí ìṣòro mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ìwé àyẹ̀wò kan lọ́dún ni. Ní báyìí, nọ́ńbà ń ya wọlé ní wákàtí wákàtí láti ara ọgọ́rọ̀ọ̀rún tiransifọ́mà. Ojú èèyàn ò lè kà á tán. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni wọ́n kọ òfin àwọn àgbà ẹnjiníà sínú kọ̀ǹpútà: bí èyí bá rí báyìí, sọ báyìí. Àwọn ọmọ Taiwan gbé irú rẹ̀ jáde ní 1993. Nígbà tó fi máa di 1996, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò kọ òfin fún kọ̀ǹpútà mọ́. Wọ́n kó àyẹ̀wò àtijọ́ fún un, èyí tí wọ́n ti tú tiransifọ́mà rẹ̀ wò tí wọ́n sì mọ ohun tó pa á, wọ́n ní kó fúnra rẹ̀ wá ohun tí àwọn aláìsàn fi jọra. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì kì í jókòó ka ìwé fún ọmọ iṣẹ́, ohun tó máa ń wí ni pé, "Gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí. Ohun tó ń ṣe tàná ló ń ṣe é." Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ẹ́ńjìnnì, etí ọmọ á là. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ bí iyanrìn, iye tí wọ́n sì ń gbà nínú ìdánwò sábà máa ń dára ju ti àwọn ọ̀nà oníṣirò àtijọ́ lọ.

Síbẹ̀, ká má tan ara wa. Ọmọ iṣẹ́ yìí ní àbùkù tirẹ̀. Tiransifọ́mà tó ní ìlera pọ̀ lọ súà, àwọn tí a mọ àìsàn wọn dájú kéré. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a kó 100 jọ, 2 péré ló ń ṣàìsàn. Kọ̀ǹpútà ọ̀lẹ kan lè dìde kó ní, "Gbogbo wọn ló yè!" Ó ti gba máàkì 98 nínú 100 nìyẹn, kò sì wúlò fún ohunkóhun, torí àwọn 2 tó fò dá gan-an ni wọ́n tìtorí wọn gbà á síṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, èyí tí wọ́n fi tiransifọ́mà ilẹ̀ òtútù kọ́ lè ṣi nǹkan gbọ́ ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, tí tiransifọ́mà kan sì ń ru ẹrù méjì. Àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá dájọ́, wọn kì í lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹnjiníà wo ló fẹ́ pa iná ìlú kan torí pé ẹ̀rọ kan ní "ọkàn mi ń sọ fún mi"? Fún ìdí èyí, kọ̀ǹpútà ń ran àgbà lọ́wọ́ ni, kò tíì gba ipò àgbà.

WỌ́N GBỌ́, WỌN Ò DÌDE

Ẹ wo ohun tí tiransifọ́mà kan lè dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, 2020, iná sọ ní ibùdó tiransifọ́mà kan ní Macapá, olú ìlú ìpínlẹ̀ Amapá, ní àríwá Bràsíl. Tiransifọ́mà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jóná, ìkejì fara gbá, ìkẹta sì ti wà nílẹ̀ láti ìparí 2019, wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ 13 nínú 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà bọ́ sínú òkùnkùn. Omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹran àti ẹja bàjẹ́, wọ́n sún ìbò ìlú Macapá síwájú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí gbogbo nǹkan tó padà sípò.

Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó jẹ́ àríkọ́gbọ́n jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ìlú London, níbi tí Faraday ti wé wáyà rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹta, 2025, ọdún 139 géérégé sí ọjọ́ tí Stanley tan iná Great Barrington, tiransifọ́mà kan gbiná ní ibùdó North Hyde, ní ìwọ̀ oòrùn London. Pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, ibi tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti Èkó lọ London ń balẹ̀ sí, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́ rárá lọ́jọ́ kejì. Ìrìnàjò ọkọ̀ òfuurufú tó lé ní 1,300 ló fara gbá, èrò tó ń lọ bí 270,000 ló sì há sọ́nà. Ẹni tó ń lọ sin òkú há, ẹni tó ń lọ ṣègbéyàwó há.

Nígbà tí NESO, àjọ tó ń darí ètò iná níbẹ̀, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún yẹn, ó ní ó ṣeé ṣe jù pé omi ló wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tí wáyà iná ńlá ń gbà wọ inú tiransifọ́mà, tí iná fi fò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ìwádìí náà wá sọ ohun tó ba ni lọ́kàn jẹ́: ní oṣù keje, 2018, wọ́n ti fa epo ọ̀pá yẹn wò, wọ́n sì ti rí i pé omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn tó ni ín sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ìjàǹbá ti sún mọ́lé, kó pààrọ̀ ọ̀pá náà. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2022, wọ́n tún sún ìtọ́jú rẹ̀ síwájú. Láti 2018 sí alẹ́ ọjọ́ tó jó, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó dáadáa. Ilẹ̀ tó ní owó ni, wọ́n ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé tiransifọ́mà ò ké. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́. Nọ́ńbà náà wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ìwé náà, tí yóò fi lu tábìlì, tí yóò ní "Ẹ pa ẹ̀rọ yìí lónìí!", òun ni kò sí. Kò sì sí sẹ́ńsọ̀ kankan láyé tó lè ṣe ìyẹn fún èèyàn.

ILÉ ŃKỌ́?

Lọ́dọ̀ tiwa, NEPA dé ní 1972, ó di PHCN ní 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gba pípín iná ní oṣù kọkànlá, 2013. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n tiransifọ́mà ò mọ orúkọ. Ohun tó mọ̀ ni ooru, omi àti ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí.

A mọ ohun tí ojú wa ń rí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọgọ́rùn-ún ilé ń gbé igba. Fíúsì tó yẹ kó já kó lè gba ẹ̀rọ là, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti fi wáyà kíki dípò rẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kó máa já. Àwọn ìgárá tún ń wá lóru, wọ́n ń fa epo rẹ̀ lọ tà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń fà yẹn. Bó bá wá jó, ará àdúgbò á pè'pàdé, wọ́n á máa dáwó lójúlé dójúlé, ìyá oníyìnyín á ká ọwọ́ lérí, télọ̀ á gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, oṣù á máa gorí oṣù. Kó má wá jẹ́ èyí tó tóbi ní ibùdó ńlá ni o! Ìyẹn kì í wà lórí àtẹ. Ó lè gbà wọ́n ní ọdún kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe é tán, ká tó wá sọ pé a ó gbé e gba ojú òkun dé.

Kò di dandan ká so ẹ̀rọ olówó ńlá mọ́ gbogbo èyí tó wà lórí òpó. Àwọn ńláńlá ni ká so sẹ́ńsọ̀ mọ́, ká sì máa kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àyẹ̀wò tiransifọ́mà tiwa, nínú ooru tiwa. Fún èyí tó wà ládùúgbò, ká máa wọn ooru rẹ̀ àti ẹrù orí rẹ̀, ká máa fa epo rẹ̀ wò lásìkò, kí fíúsì rẹ̀ sì jẹ́ fíúsì. Owó àyẹ̀wò kò tó nǹkan kan lára owó tiransifọ́mà tuntun. Àwa ará ìlú náà ní tiwa láti ṣe. Bí ìkùn rẹ̀ bá yí padà, bí epo bá ń jò nídìí rẹ̀, ká má sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni tàbí ti ilé-iṣẹ́. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká fi ọjọ́ sí i, ká gbé e lọ fún wọn, ká sì gba orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Kí gbogbo àyẹ̀wò tó bá sọ pé ewu ń bọ̀ ní orúkọ ẹnì kan lára, ẹni tí a ó bi pé, "Ọjọ́ wo lo gbọ́? Kí lo ṣe?" Arọ inú òwe yẹn, kì í ṣe etí ló gbà á là. Nígbà tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.